Orí Tí Wọ́n Fá Lẹ́yìn Olórí

 

Bí ẹnikẹ́ni bá pe June 12 láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà, ọkàn wa á lọ sọ́dọ̀ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá àti ìbò ààrẹ 1993. Àwọn ará Fílípìnì náà ní June 12 tiwọn, ó sì fi ọdún 95 ṣáájú tiwa. Ní ọjọ́ yẹn, lọ́dún 1898, ní ìlú Kawit, Emilio Aguinaldo kéde pé ilẹ̀ wọn ti bọ́ lọ́wọ́ Spéìn, tó ti jẹ gàba lé wọn lórí fún ohun tó lé ní 300 ọdún. Wọ́n ta àsíá kan síta. Marcela Agoncillo ló fọwọ́ rán an ní Hong Kong, òun àti ọmọ rẹ̀ kékeré pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kan: búlúù lókè, pupa nísàlẹ̀, funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, oòrùn láàárín funfun náà, ìràwọ̀ mẹ́ta ní igun rẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi orúkọ Agoncillo sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ obìnrin yìí ni mo bá wá.

Ìgbìmọ̀ tó pè wá jọ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ogun tí orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lágbára máa ń lọ jà lẹ́yìn òkun. Mo lè mú ti Gẹ̀ẹ́sì, tí a ti mọ̀ dunjú. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wa ń san owó orí fún, àwọn ọmọ wa sì wà nínú ọmọ ogun rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe kọ́kọ́ jáde.

Kúbà ló ti bẹ̀rẹ̀, Kúbà kò sì jìnnà sí wa. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lọ sí oko ìrèké níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Lùkùmí, àtọmọdọ́mọ wọn sì ń bọ Yemọja títí dòní ní Regla, létí èbúté Havana. Inú èbúté yẹn gan-an ni ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Maine ti bú gbàmù ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì, 1898, tó sì pa ènìyàn tó lé ní 250. Àwọn ìwé ìròyìn New York ní Spéìn ló ṣiṣẹ́ ibi náà. Ẹ̀rí kò sí, ṣùgbọ́n ariwo ti ta, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin, ogun Amẹ́ríkà àti Spéìn dé.

Kí Amẹ́ríkà tó dá sí i, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àwọn ọmọ Kúbà ti ń bá Spéìn jà. Aláwọ̀ dúdú pọ̀ lọ jàra nínú wọn. Antonio Maceo, ọ̀gágun wọn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, tó kú lójú ogun ní 1896, ọmọ aláwọ̀ dúdú ni. Ọ̀gágun Spéìn kan, Valeriano Weyler, kó àwọn ará oko sínú àgọ́, ebi àti àìsàn sì pa wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìyẹn gan-an ló bí àwọn ará Amẹ́ríkà nínú, ó sì yẹ kó bí wọn. A máa tún pàdé àgọ́ yẹn.

Nígbà tí ìlú Santiago ní Kúbà bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní oṣù Keje, wọn kò jẹ́ kí Calixto García àti àwọn ọmọ ogun Kúbà wọ ìlú náà. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní Manila, ní Fílípìnì tí Spéìn ń jọba lé bíi Kúbà, wọ́n tún un ṣe. Àwọn ọmọ ogun Aguinaldo ti yí ìlú ká, wọ́n ti fún Spéìn lọ́rùn. Ni Spéìn àti Amẹ́ríkà bá mọ̀ ọ́n lábẹ́lẹ̀: wọ́n yìnbọn díẹ̀ fún ojú ayé, Spéìn túúbá, Amẹ́ríkà wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé síta.

Felipe Agoncillo, ọkọ obìnrin tó rán àsíá, agbẹjọ́rò ni, ọmọ ìlú Taal ní Batangas. Òun ni Aguinaldo rán níṣẹ́. Ó dé Washington; Ààrẹ McKinley rí i ní oṣù Kẹwàá, ṣùgbọ́n bí ẹni tó yà kí ni, kì í ṣe bí aṣojú ìjọba kankan. Ó kọjá sí Párísì, níbi tí Spéìn àti Amẹ́ríkà ti jọ jókòó lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Wọn kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, wọ́n fọwọ́ sí i pé Amẹ́ríkà yóò san 20 mílíọ̀nù dọ́là, Fílípìnì yóò sì di tirẹ̀. Agoncillo kọ̀wé pé òun kò gbà. Ó padà sí Washington, ó ń kọ lẹ́tà sí ìjọba lẹ́yìn lẹ́tà, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àwa tí a ń sọ pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ẹ wo olórí lẹ́nu ọ̀nà, tí abẹ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé.

Ẹ má rò pé gbogbo Amẹ́ríkà ló gbà bẹ́ẹ̀ o. Láti 1898 ni àwọn kan ní Boston ti dá Ẹgbẹ́ Alátakò Ìmúnisìn sílẹ̀. Mark Twain wá di ara wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Grover Cleveland tó ti ṣe ààrẹ rí, Samuel Gompers olórí àwọn òṣìṣẹ́, àti Jane Addams. Andrew Carnegie, olówó irin, ní òun ṣetán láti fi 20 mílíọ̀nù dọ́là ra òmìnira Fílípìnì padà. (Ọkàn rere ni, mo gbà. Síbẹ̀, ríra náà ni.) Nínú ilé aṣòfin àgbà, George Hoar ti Massachusetts dìde lòdì sí ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀, ó ní ìjọba tí àwọn tí à ń ṣàkóso kò fọwọ́ sí kò bá ìwé tí Amẹ́ríkà fi gba òmìnira mu. Ní òdì kejì, Albert Beveridge ń na ọwọ́ sí ọjà China: Fílípìnì ni ẹnu ọ̀nà, ta ló ń fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀?

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Ẹ gbọ́ ti Ben Tillman, aṣòfin South Carolina, tó máa ń fọ́nnu pé àwọn ti gba ìbò lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Òun náà tako ìmúnisìn! Ìdí rẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí àwọn aláwọ̀ mìíràn tún kún èyí tó wà nílẹ̀. Òun àti Hoar jọ dìbò kan náà. Tó bá sì ṣe pé ẹ gbé àwọn alátìlẹ́yìn àti àwọn alátakò sórí òṣùwọ̀n, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa bá lẹ́nu púpọ̀ nínú wọn: kí ni èyí máa ṣe fún Amẹ́ríkà? Ṣé yóò gbè é, àbí yóò bà á jẹ́? Ìbéèrè tó nítumọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè kejì, kí ni yóò ṣe fún Fílípìnì, wà ní ìlú Washington kan náà, ó ń dúró de èsì lẹ́tà.

Ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kejì, 1899, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan yìnbọn lẹ́yìn odi Manila, ogun sì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni ilé aṣòfin àgbà dìbò lórí àdéhùn Párísì: 57 gbà, 27 kọ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n nílò. Ìbò kan péré ló fi lé. William Jennings Bryan, tó ń pariwo pé òun lòdì sí i, ló ní kí àwọn ènìyàn òun dìbò gbà á ná, òun á fi ọ̀rọ̀ náà du ipò ààrẹ. Ó du ú ní 1900, McKinley sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ janlẹ̀. Agoncillo ti sá lọ sí Kánádà nígbà tó gbọ́ pé ìbọn ti dún.

Àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú náà lọ. Wọ́n kọ lẹ́tà sílé, sí àwọn ìwé ìròyìn wa, pé èébú tí wọ́n fi ń pe àwọn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fi pe ará Fílípìnì. Ẹ rántí pé ní oṣù Kọkànlá, 1898, nígbà tí ọ̀rọ̀ Párísì ń lọ lọ́wọ́, àwọn aláwọ̀ funfun ní Wilmington, North Carolina, gbé ìbọn, wọ́n lé ìjọba tí ìlú dìbò yàn, wọ́n pa aláwọ̀ dúdú, McKinley kò sì rán ọmọ ogun kankan lọ gbà wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun wa ja ogun náà dópin. David Fagen, ọmọ Tampa, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, 1899, ó fi ẹgbẹ́ 24th Infantry sílẹ̀, ó bá ará Fílípìnì lọ, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀gá láàárín ọmọ ogun wọn. 600 dọ́là ni wọ́n fi lé e lórí. Mi ò ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni ṣe bíi tirẹ̀ o, kí ìyá kan má baà dì mí mú lẹ́nu ọ̀nà. Mo kàn ní kí a mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kan sì wà lẹ́yìn Amẹ́ríkà. Àwọn ará Macabebe ni wọ́n lò láti lọ mú Aguinaldo ní Palanan ní oṣù Kẹta, 1901. Kí a má yára bú wọn, nítorí nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ́n ní 1892, wọ́n ní ọ̀nà ọjà làwọn fẹ́ ṣí, àwọn ọmọ Áfíríkà ló sì pọ̀ jù nínú ọmọ ogun tí wọ́n kó wá.

Ìgbà tí ogun kò fẹ́ tán ni àgọ́ padà wá. Ní òpin 1901, ní Batangas, ilé Agoncillo, ọ̀gágun J. Franklin Bell pàṣẹ kí gbogbo ará oko kó wọ àárín ààlà tí wọ́n fà fún wọn. Oúnjẹ tó bá kù síta, kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n sun ún. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ bú Weyler ni wọ́n ń ṣe yìí, kò sì tíì pé ọdún mẹ́rin. Kọ́lẹ́rà wọlé tẹ̀ lé ebi. Ní ilé aṣòfin àgbà, ní 1902, àwọn ọmọ ogun fúnra wọn jẹ́rìí bí wọ́n ṣe ń da omi sí ènìyàn lẹ́nu títí ikùn á fi wú, kí ó lè jẹ́wọ́. Nígbà tí Theodore Roosevelt kéde ní oṣù Keje ọdún yẹn pé ogun ti parí, ọmọ ogun Amẹ́ríkà bíi 4,200 ti kú. Ti Fílípìnì tó 20,000. Àwọn ará ìlú tí ogun, ebi àti àrùn pa, wọ́n fojú bù ú sí nǹkan bíi 200,000. Wọ́n tilẹ̀ fòfin de àsíá tí Marcela rán láti 1907 títí di 1919. Òmìnira kò dé títí di 1946.

Kúbà ńkọ́? Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn kò ní gbà á. Wọn kò gbà á lóòótọ́. Wọ́n kàn mú kí Kúbà kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ ní 1901 pé Amẹ́ríkà lè wọlé nígbà tó bá rí i pé ó yẹ. Guantánamo ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Puerto Rico, tí wọ́n gbà nínú ogun kan náà, ṣì wà bẹ́ẹ̀: ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, wọ́n ń kú lójú ogun Amẹ́ríkà, ẹni tó bá sì ń gbé níbẹ̀ kò lè dìbò yan ààrẹ.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, ẹ̀yin àti ọmọ Fílípìnì lẹ jọ ń ṣiṣẹ́ òru. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ níbẹ̀ láyé ìmúnisìn, tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, wà lára ohun tó ṣí ọ̀nà tí wọ́n gbà dé. Ẹ bi wọ́n léèrè ogun yìí. Ẹ máa gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé àwọn ọmọ yín.

Kí ọdún ìbò tó parí, àwọn tó ń du ipò aṣòfin á wá sí ìkómọ yín. Wọ́n á wọ agbádá, wọ́n á ní ìrẹsì yín dùn. Bí ọ̀rọ̀ ogun lẹ́yìn òkun bá délẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n gbà á tàbí wọn kò gbà á. Tillman náà kò gbà á. Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ ẹnì kan láti ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ bá jà, tí wọ́n ti gbọ́ tẹnu rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ orúkọ ọ̀gágun Amẹ́ríkà ni wọ́n fi dá yín lóhùn, ẹ rọra tún ìbéèrè náà bi wọ́n, kí ẹ tó bu ìrẹsì sí i.