Ẹ̀rọ Téèpù Onírílì àti Iná Ìbàdàn

Ẹ̀rọ téèpù onírílì ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí okùn téèpù rẹ̀ máa ń tú lára rílì kan, tí á gba iwájú orí ẹ̀rọ kọjá, tí á sì lọ ká mọ́ rílì kejì. Ilé-iṣẹ́ AEG ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbé e síta fún aráyé rí, níbi ìpàtẹ rédíò ní Berlin lọ́dún 1935. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ rédíò Dugbe n'Ìbàdàn láyé ìjọsí.

Kì í ṣe rédíò nìkan ló lò ó. Lọ́dún 1963, akéwì J. P. Clark, tó ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, gbé ẹ̀rọ téèpù lọ sílé Ìyá Yabuku, obìnrin Ijaw kan tó ń gbé nílùú Ìbàdàn. Òru méje ni apìtàn Okabou Ojobolo fi sọ ìtàn Ozidi, ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Ijaw, níbẹ̀, tòun tìlù tijó, tí àwọn ará ìworan sì ń dá sí i. Nígbà tí Clark gbé ìtàn náà jáde bí ìwé ní 1977, ohùn àwọn ará ìworan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ti apìtàn. Bíró nìkan ì bá ti jẹ́ kí ìyẹn ṣègbé.

Ẹni tó fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí sílé lónìí, téèpù ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò tòkunbọ̀. Ìbú téèpù kan náà ni, mílímítà 6.35. Eré rẹ̀ ló yàtọ̀: sẹ̀ńtímítà 9.5 tàbí 19 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló wọ́pọ̀ nílé, àmọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò a tún máa lo 38 láyé ìjọsí. Ìpín ìbú náà tún ń yàtọ̀. Bí orí tó pín téèpù sí mẹ́rin bá ń ka téèpù onípín méjì tí wọ́n gbohùn sí ní àlọ àti àbọ̀, etí òsì á gbọ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, etí ọ̀tún á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń fẹ̀yìn rìn. Olówó á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò ṣe é.

Iná gan-an ló le jù. Fọ́ltì 230 àti Hertz 50 ni ti Nàìjíríà. 120 àti 60 ni ti Amẹ́ríkà. Transfọ́mà lè yí fọ́ltì padà, kò lè yí Hertz padà, Hertz ló sì ń pàṣẹ eré fún mọ́tọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́. Irú ẹ̀rọ Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀, tó bá dé Bódìjà n'Ìbàdàn, á fi ìṣẹ́jú 36 ka ètò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ohùn obìnrin á sì rinlẹ̀ bíi ti ọkùnrin. Àwọn kan wà tí a lè pààrọ̀ irin kékeré orí ọ̀pá mọ́tọ̀ wọn fún Hertz 50. Ìyẹn náà kò gbani lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré, tí Hertz rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Revox A77, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1967, bọ́ nínú wàhálà yìí: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ eré mọ́tọ̀, fọ́ltì rẹ̀ sì ṣeé yàn. Fún ìlú Ìbàdàn, òun ló yẹ ní wíwá ju ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Òun náà ní àbùkù tirẹ̀. Kapasítọ̀ oníwèé àtijọ́ inú rẹ̀ máa ń là, á sì rú èéfín. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó tan iná. Nínú ẹ̀rọ yòówù, kí ẹni tó ń rà fi èékánná ra ojú orí ẹ̀rọ. Bí èékánná bá há sí kòtò, orí náà ti jẹ. Orí GX ti Akai kì í tètè jẹ. Rọ́bà tó ń tẹ okùn mọ́ ọ̀pá gbọ́dọ̀ rọ̀; bó bá ti ń dán bíi gíláàsì, ohùn á máa gbọ̀n.

Téèpù tí kò níye lórí ni kí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò. Àwọn téèpù kan tí wọ́n ṣe láàárín 1970 sí 1990 máa ń fa ọ̀rinrin mu títí lẹ́ẹ̀ wọn á fi yọ̀. Bí téèpù bá ń han gooro, tó sì ń fi ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ sára orí ẹ̀rọ, kí wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ooru díẹ̀, bíi 54°C fún wákàtí mélòó kan lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, lè mú un gbẹ tó láti ka ohùn rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà.