Èéfín Ilé Ìdáná àti Ọmọ Inú



Nínú èéfín iná ni afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí a kì í rí, tí kò sì ní òórùn. Bí aboyún bá fà á símú, yóò gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí tó yẹ kó kan ọmọ inú yóò dín kù, ọmọ náà sì lè má tó kìlógíráàmù 2.5 nígbà ìbí.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń fa èéfín lókè sítóòfù, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ní páìpù tó ń gbé èéfín jáde síta. Èyí tó kàn ń sẹ́ èéfín, tó tún ń dá afẹ́fẹ́ padà sínú ilé, kò lè mú olóró yẹn kúrò. Kí ó fẹ̀ tó sítóòfù. Ẹ máa fọ asẹ́ rẹ̀, nítorí ọ̀rá a máa dí i.

Ẹ̀yin tó ń fi igi tàbí èédú dáná, ìta gbangba ni kí ẹ gbé ààrò sí.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ máa bi aboyún léèrè ibi tó ti ń dáná. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí òòyì sì ń kọ́ ọ nídìí iná, ẹ gbé e síta kíá, kí ẹ sì mú un lọ sí ọsibítù.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.