Ooru Ilé Òròmọdìyẹ

Ẹ̀yin ará Fìdítì àti Ìlọrà tí ń sin adìyẹ, òtútù a máa pa òròmọdìyẹ. Bí a bá ń fi gáàsì mú ilé wọn gbóná, ẹ jẹ́ kí a fi thermostat ṣọ́ ọ. Ẹ̀rọ kékeré yìí ni í dín iná kù bí ooru bá tó. Kí a ti gáàsì pa kí oníṣẹ́ iná tó so wáyà rẹ̀. Kí a má gbé e sẹ́nu ọ̀nà: atẹ́gùn yóò tàn án jẹ.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máa fojú wò wọ́n. Bí wọ́n bá ṣù jọ sídìí iná, òtútù ni. Bí wọ́n bá sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ooru pọ̀jù. Bí wọ́n bá fọ́n ká, ó tó.

Ẹ má ti gbogbo fèrèsé o. Èéfín gáàsì a máa pa ènìyàn pàápàá.