Títẹ́ Tábìlì Oúnjẹ Ọdún Nínú Ilé Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ìparí ọdún)

  

Wọ́n ní kí àwa tí a ń bójú tó oúnjẹ nínú ẹgbẹ́ wá sọ fún yín bí a ṣe lè tẹ́ tábìlì oúnjẹ ọdún nínú ilé kí ó wu ojú, kí ó sì dùn lọ́fun. Àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìyí. Ìdí tí a fi gbà láti sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ohun tí a ń rí lọ́dọọdún ni pé owó tí kò yẹ kí ó jáde ni ó ń jáde, nítorí pé onílé fẹ́ kí tábìlì òun kún dẹ́múdẹ́mú. Ẹlòmíràn á gba ẹ̀yáwó nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo. Oṣù kìn-ín-ní á dé, owó ilé-ìwé sáà kejì á kan ilẹ̀kùn, ẹ̀yáwó náà á sì wà nílẹ̀ tí a kò tíì san ìdajì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹwà tábìlì kò sí nínú pípọ̀ oúnjẹ. Ó wà nínú bí a ṣe tò ó, nínú àwọ̀ rẹ̀, àti nínú ìmọ́tótó.

Ẹ kọ́kọ́ ka orí àwọn tí ń bọ̀. Kóńgò ìrẹsì kan, bí a bá sè é tán, tó bí ènìyàn mẹ́wàá sí méjìlá jẹ, pàápàá bí nǹkan mìíràn bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ń retí ogún àlejò kò ní láti se kóńgò mẹ́fà. A mọ̀ pé ẹni a kò pè á wá. Ẹ fi kóńgò kan kún un nítorí tiwọn, ó tó.

Ní ayé àwọn ìyá wa, inú ilé ìdáná ni ìyá ilé ti ń bu oúnjẹ, àwọn ọmọ á sì máa gbé e lọ fún àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣà náà dára, kò sì tíì kú. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá pọ̀, ìyá ilé kì í fi ìdí kan àga títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn mìíràn á ti lọ kí ó tó jáde wá kí wọn. Bí a bá to oúnjẹ sórí tábìlì kí oníkálùkù wá bù, òun náà á ráyè jókòó ṣe ọdún.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo àwọ̀. Ẹ ro ohun tí a máa ń sè dáadáa: jọ̀lọ́ọ̀fù pupa, ọbẹ̀ ata pupa, ẹran díndín pupa rúsúrúsú, dòdò náà pupa. Bí a bá tò gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú kò ní mọ èyí tí yóò wò. Ẹ fi ìrẹsì funfun sí àárín jọ̀lọ́ọ̀fù àti ọbẹ̀ ata. Ẹ gbé ẹ̀fọ́ rírò sí ẹ̀gbẹ́ dòdò, ẹ ó rí i pé àwọn méjèèjì á yọ sí ara wọn. Bí ẹ bá ṣe sàláàdì, ẹ má po gbogbo rẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ to kábéèjì sísàlẹ̀, kárọ́ọ̀tì àti kùkúńbà lé e, ẹyin sísè lórí, kí ìpara rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ní ti mọ́ínmọ́ín tí a fi ewé dì, ẹ tú bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ènìyàn rí ẹyin àti ẹja inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyókù wà nínú ewé wọn. Ewé yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹwà, owó rẹ̀ kò sì tó ti òdòdó oníke tí àwọn kan ń rà.

Ìrẹsì Ọ̀fadà náà yẹ lórí ewé. Ìlú Ọ̀fadà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó ti gba orúkọ rẹ̀. Ìgbà kan wà tí a ń yínmú sí i nítorí òkúta inú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ìrẹsì òkèèrè láti 1985 títí di 1995, ìrẹsì ilé ni púpọ̀ nínú wa padà sí. Lónìí, olówó ni ó ń fi Ọ̀fadà ṣe àlejò! Ẹ ṣà á dáadáa, ẹ bù ú sórí ewé eéran, kí ọbẹ̀ ata rẹ̀ wà nínú ìkòkò amọ̀ kékeré.

Aṣọ tábìlì kò di dandan kí a rà á. Àdìrẹ dára púpọ̀ lábẹ́ àwo funfun, ṣùgbọ́n èyí tó bá jẹ́ tuntun, ẹ fọ̀ ọ́ títí aró rẹ̀ kò fi ní ṣí mọ́, kí ó má baà ran mọ́ aṣọ ọdún ẹlòmíràn. Bí gbogbo àwo bá wà ní ìpele kan náà, tábìlì á pẹlẹbẹ bí àtẹ ọjà tí wọ́n ti tà tán. Ẹ fi àpótí kékeré sábẹ́ aṣọ náà lápá ẹ̀yìn, kí àwo kan tàbí méjì ga ju ìyókù lọ. Igbá fínfín, irú èyí tí wọ́n ń fín ní Ọ̀yọ́, ni kí ẹ kó èso sí: ọsàn, ìbẹ́pẹ, àti àgbálùmọ̀ bí ó bá ti dé ọjà. Ewé tàbí òdòdó tí a kì í jẹ kò gbọdọ̀ fara kan oúnjẹ rárá.

Àwo jíjẹ ni kí ó ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ìrẹsì, kí ọbẹ̀ tẹ̀lé e. Ṣíbí ló kẹ́yìn, kí ọwọ́ ènìyàn lè ráyè. Omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ gbé wọn sí ibòmíràn.

Ẹran ni ìjà ọdún. Ẹ ka ẹran kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ sì fi àgbàlagbà kan tí kì í ṣe ojúsàájú sídìí rẹ̀ kí ó máa bù ú. Àwọn Mùsùlùmí inú wa mọ̀ pé ẹran Iléyá ní ìpín ti ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò àti ti aláìní. Ìpín wọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ yọ kí tábìlì tó rí ẹran. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà: a kì í ní kí bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún gbé àwo lọ́wọ́ tò sẹ́yìn àwọn ọmọdé. Ẹ gbé oúnjẹ tiwọn lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó, pẹ̀lú omi ìfọwọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bu tirẹ̀.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí pé òun ló lè sọ ọdún di ẹkún. Oúnjẹ tí ó wà láàárín gbígbóná àti tútù ni kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn, pàápàá láti ìwọ̀n ooru 5 sí 60. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú sórí iná. Bí a bá fi ìrẹsì náà sílẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, yóò sú, yóò sì tu oró sí i, bí a bá sì tún un gbé kaná ní alẹ́, oró náà kò ní kúrò. Nítorí náà, wákàtí méjì ni oúnjẹ sísè lè pẹ́ lórí tábìlì. Bí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí kan. Ẹ má da gbogbo ìkòkò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bu díẹ̀ jáde, kí ìyókù wà nínú kúlà ní gbígbóná, kí ẹ máa fi kún un. Tábìlì tí a ń tún kún dára lójú ju èyí tí a ti tú palẹ̀ láti aago méjìlá. Nígbà ọyẹ́, eruku àti ẹṣinṣin pọ̀; àwọ̀n tí a fi ń bo ọmọ ọwọ́ tó láti fi bo gbogbo rẹ̀.

Bí àlejò bá ń lọ, èyí tó ṣì gbóná nínú kúlà ni kí ẹ di fún un, kì í ṣe èyí tí ó ti ń gba afẹ́fẹ́ láti ọ̀sán.

Níbi tí ẹgbẹ́ bá ní àwo àti kúlà tí ọmọ ẹgbẹ́ lè yá, ẹ tètè wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹ kà wọ́n nígbà tí ẹ bá ń gbà wọ́n, ẹ tún wọn kà kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọdún. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ kúlà, kí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ kí ẹ tó dá a padà, torí èyí tí a dé ní tútù á ti máa rùn kí ẹlòmíràn tó wá gbà á fún ọdún tuntun.