Ìgbà Èwe ni a ń kó Eegun Jọ



Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé arúgbó ni ọ̀rọ̀ eegun kàn. Bí ìyá àgbà bá yọ̀ ṣubú níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, tí eegun ìbàdí rẹ̀ sì kán, àwọn ará ilé a ní omi ilẹ̀ ló fà á. Lóòótọ́ ni omi wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, eegun náà ti fúyẹ́ kí ẹsẹ̀ tó yọ̀, àìlera rẹ̀ sì lè ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ ìyá náà.

Eegun kì í ṣe òkú igi. Ohun alààyè ni. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó díẹ̀ nínú rẹ̀, tí ó sì ń mọ òmíràn rọ́pò. Ní ìgbà èwe, mímọ pọ̀ ju wíwó lọ. Nígbà tí ọ̀dọ́ yóò bá fi pé ọdún 18 sí 20, ó ti kó nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún eegun rẹ̀ jọ. Ìyókù a máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí di nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn èyí, ohun tó wà nínú àká ni a óò máa jẹ títí dọjọ́ alẹ́. Bí nǹkan oṣù obìnrin bá sì dáwọ́ dúró, tirẹ̀ a tún máa yára dín kù.

Kí ni a fi ń kún àká náà? Èkíní ni oúnjẹ. Ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún kálísíọ̀mù ara ló wà nínú eegun àti eyín. Ọmọ ọdún 9 sí 18 nílò mílígíráàmù 1,300 lóòjọ́; ẹni ọdún 19 sí 50 nílò 1,000. Ní ọdún 1999, àwọn oníṣègùn ní Jos gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà 123 tí eegun wọn rọ̀. Oòrùn kò wọ́n wọn, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù inú oúnjẹ wọn kò ju nǹkan bí mílígíráàmù 200 lọ lóòjọ́. Àwọn tí a fún ní kálísíọ̀mù sàn ju àwọn tí a fún ní fítámì D nìkan. Ìwádìí mìíràn ní ọdún 2015 fi hàn pé ẹja lílọ̀ náà ń wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe olówó nìkan ló lè tọ́jú eegun. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegun-teegun, edé, wàrà àti ewédú ń bẹ lọ́jà. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò lè rọ́pò wọn.

Èkejì ni oòrùn, tí ń mú kí awọ ara pèsè fítámì D. Awọ dúdú a máa pẹ́ lóòrùn kó tó pèsè èyí tó tó. Arábìnrin tó ń lo hìjáábù lè gba oòrùn ní ẹ̀yìnkùlé olódi, láàrin àwọn obìnrin. Ní Ìlú Ọba, níbi tí oòrùn kò ti lágbára nígbà òtútù, ìjọba gba ẹni tó ń bo ara àti aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn láti ronú nípa lílo fítámì D jálẹ̀ ọdún.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ ara. Eegun tí a kò di ẹrù lé a máa ṣá. Ọ̀dọ́ tó ń gun ọ̀kadà dé ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé, tó sì ń jókòó ti fóònù títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ń fi eegun ara rẹ̀ ṣòfò. Ìrìn kíákíá, eré sísá, okùn fífò àti ẹrù gbígbé ni oògùn rẹ̀.

Àwọn ohun kan sì wà tí ń jó àká náà: sìgá, ọtí, iyọ̀ àpọ̀jù, àti fífi ebi pa ara nítorí àtipẹ́lẹ́ńgẹ́ títí nǹkan oṣù fi dáwọ́ dúró. Èyí tó tún burú ni dexamethasone tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń gbé mì kí wọ́n lè sanra. Ara a wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n eegun inú rẹ̀ ń fúyẹ́. Ẹni tó ti ń lò ó pẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Kí ó tọ dókítà lọ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àká yín kò tí ì tì. Ẹ kún un nísinsìnyí, kí ẹ lè dàgbà, kí ẹ máa tẹ̀ ba lórí ìrun, kí ẹ sì dìde láìgbára lé ẹnikẹ́ni. Kí Ọlọ́hun ṣe é ní ìrọ̀rùn. Àmín.