Ariwo Mọ́tò Oko

Láti ọdún 1948 tí Land Rover ti kọ́kọ́ jáde ni irú mọ́tò tí ń gba inú ẹrẹ̀ kọjá ti ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí a ń gbọ́ ariwo rẹ̀ ní abúlé kejì, olówó rẹ̀ a sì ní agbára ni. Kì í ṣe agbára, ihò ni.

Sáláńsà ni àgbá kékeré tí ó wà lábẹ́ mọ́tò. Yàrá àti páìpù oníhò wéwèwé wà nínú rẹ̀, níbi tí èéfín ti ń rí àyè fẹ̀, tí ipá rẹ̀ sì ń rọlẹ̀. Omi inú èéfín ni ó máa ń dípẹtà sí i láti inú, pàápàá bí ìrìn mọ́tò bá kúrú.

Ẹ má ṣe fi àkísà dí ẹnu páìpù. Èéfín náà yóò pa agbára ẹ́ńjìnnì, yóò sì gba ojú ihò wọlé tọ àwọn èrò. Afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn wà nínú rẹ̀; ẹni tí ó ń pa lọ a máa rò pé oorun ni ó ń kun òun.

Ní òwúrọ̀, kí irin tó gbóná, ẹ ṣíná sí mọ́tò ní gbangba, kí ẹ sì wo oríkèé páìpù. Ibi tí ó ń fọn, tí ẹ̀ẹ́dú sì lẹ̀ mọ́, ni ihò wà. Ẹ fún ìdè tí ó tú. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó páìpù tí ó lu. Ṣùgbọ́n sáláńsà tí ó ti jẹrà, ẹ ra òmíràn. Nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe gbé mọ́tò náà sórí koríko gbígbẹ: páìpù rẹ̀ gbígbóná lè dáná sun oko.