Omi Tí Ó Tó Àlùwàlá Lè Má Tó Mu

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, dáàmù Èkó-Èǹdé lórí odò Ọ̀tìn ni ó yẹ kí ó máa fún Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ní omi ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, kànga ni ó kù. Omi kànga lè tó àlùwàlá, kí àrùn onígbáméjì sì wà nínú rẹ̀.

Láti inú iyọ̀ ni oògùn rẹ̀ ti lè wá. Bí iná oòrùn bá gba inú lítà omi kan tí a po gíráàmù iyọ̀ 25 mọ́ kọjá, yóò di omi kiloríìnì. Ẹ̀rọ WATA ṣe é ní Gínì nígbà Ẹ̀bólà ọdún 2014. Lítà kan a máa tọ́jú 4,000 lítà omi tó mọ́ gaara, láàárín ìṣẹ́jú 30.

Àmáánà ni ìwọ̀n rẹ̀: ẹni tí ó bá dín in kù, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ni ó fi ń ṣeré.